Ojú Kiyo Nínú Ihò Òkè

Gbogbo ará àdúgbò etíkun ní Odawara ló mọ̀ pé Kiyo, ìyàwó Genzo apẹja, kò lè fi ojú rẹ̀ parọ́. Ẹnu rẹ̀ lè parọ́ dáadáa, kódà ojoojúmọ́ ló ń parọ́ ọjọ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú yẹn, háà, bí ohun kan bá ti kàn án nínú, ojú á ti sọ ọ́ kí ẹnu tó là. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ó bú sẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú tíṣà rẹ̀ torí pé ohùn àlùfáà há láàárín àdúrà. Ọjọ́ kejì tó délé ọkọ, ìyá ọkọ rẹ̀ bu ọbẹ̀ fún un, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ìyá náà rí i. Ní gbogbo ọdún mọ́kàndínlógún tó tún lò láyé, ojoojúmọ́ ló ń fi iyọ̀ kún ọbẹ̀ yẹn, tí á sì jókòó ti Kiyo kó lè wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń mu ún.

Ọmọlúàbí ni ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sì bẹ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ẹsẹ̀ òun ló wà níbi tí kò yẹ kó wà. Bí ìyá Kiyo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó fi ẹnu kọ́ ọ, ó fi pàṣán kọ́ ọ, ẹ̀kọ́ kò wọ ojú.

Bó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ nìkan ni ojú náà ń ṣe, kò burú. Ojú yìí ló mú kí Fumie, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nílé bàbá rẹ̀. Bàbá ọkọ àkọ́kọ́ tó wá tọrọ rẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń kọ ewì. Ó ka ọ̀kan lórí òṣùpá fún wọn. Kiyo gbọ́ ọ débi ìdajì, ojú rẹ̀ sọ èrò rẹ̀ nípa òṣùpá náà, ni bàbá yẹn bá ká ìwé rẹ̀ ó sì ní ilẹ̀ ti ń ṣú. Aago méjì ọ̀sán ni. Ti ẹnì kejì, fọ́tò lásán ni alárinà gbé wá. Kiyo wo fọ́tò, alárinà wo Kiyo, ó mú fọ́tò rẹ̀ padà láì tíì fẹnu kan tíì.

Èyí ẹ̀kẹta wá yàtọ̀. Fumie fúnra rẹ̀ ló rí Kunio, ọmọkùnrin tó ń ta sítáǹbù ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀ kó lè rídìí lọ ra sítáǹbù. Ohun tó kù ni pé kí ìyá Kunio gbà. Opó akọ̀wé àgbà ní kóòtù ni obìnrin yẹn, ẹni tó jẹ́ pé bó bá jókòó síbì kan, ẹ máa rò pé ẹnì kan ló gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kí àwọn ìyá méjèèjì pàdé. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Fumie ní òtútù mú màmá òun. Kiyo wà nínú yàrá, ara rẹ̀ le koko, ó ń fi aṣọ bojú.

Àárín eléyìí ni iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin wọlé dé. Wọ́n la irin tuntun kọjá lẹ́bàá ìlú láti fi dán ọkọ̀ ayára-bí-àṣá wò kí gbogbo ayé tó máa wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ náà ń sá igba kìlómítà ní wákàtí kan, kò mì, kò jó. Ohun kan ṣoṣo ni ìṣòro rẹ̀, ihò tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ òkè. Bó bá ti já wọnú ihò, afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ kò ríbi sá sí mọ́. Á fún mọ́ ọkọ̀ lára, á gba ojú ilẹ̀kùn àti fèrèsé wọlé tipátipá, á sì kọjú sí etí àwọn èrò. Etí á dí gbì, á máa ta, omi á máa bọ́ lójú èèyàn. Bí ọkọ̀ bá sì yọ lódì kejì, afẹ́fẹ́ kan náà á tún máa fa etí padà síta.

Ẹnjiníà Mabuchi ló ń rí sí ọ̀rọ̀ etí níbẹ̀. Ọkùnrin tínínrín kan ni, kò tíì pé ogójì ọdún, kì í ráyè gẹrun. Ó mọ oògùn ọ̀rọ̀ náà: kí wọ́n fi rọ́bà dí gbogbo ojú ilẹ̀kùn àti fèrèsé pátá, kí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sì máa pa ara rẹ̀ dé bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ wọ abẹ́ òkè. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tó fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ han àwọn ọ̀gá rẹ̀, bó ṣe ń fò sókè fò sílẹ̀. Ọ̀gá Àgbà iléeṣẹ́ náà wo abẹ́rẹ́ náà.

"Mabuchi, ṣé abẹ́rẹ́ ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni? Èèyàn ló máa wọkọ̀. Lọ bi àwọn èèyàn bóyá ó ń dùn wọ́n. Bí wọ́n bá ní ó ń dùn wọ́n, màá ra rọ́bà."

Ọ̀rọ̀ bùṣe, àbí? Kò bùṣe o. Odawara ni Mabuchi ti lọ bi wọ́n.

Alága àdúgbò, Ọ̀gbẹ́ni Okuyama, ló bá a kó àádọ́ta èèyàn jọ. Kimono tí wọ́n fi ń lọ ìgbéyàwó ni wọ́n wọ̀ wá, oníkálukú sì gbé páálí àkàrà ẹja kan dání fún àwọn ẹnjiníà. Àádọ́ta páálí! Lọ́jọ́ kejì, Mabuchi pín táwẹ́ẹ̀lì fún wọn láti fi dúpẹ́ àkàrà. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé ẹ̀fọ́ oníyọ̀ wá láti fi dúpẹ́ táwẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, ọ́fíìsì rẹ̀ ti kún débi pé ìdúró ló ti ń kọ̀wé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọkọ̀, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní pátákó pupa kékeré kan.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin màmá, bí etí bá dùn yín, ẹ na pátákó yìí sókè. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tijú."

"A ti gbọ́ o, ọ̀gá ẹnjiníà. Ẹ kú ìyọnu wa."

Gbì! Ọkọ̀ wọ ihò. Àádọ́ta èèyàn jókòó ganran bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ń wò. Omi ń bọ́ lójú wọn. Obìnrin kan ń fi eyín rún ẹ̀gbẹ́ ìbòrí rẹ̀. Pátákó kankan kò kúrò lórí itan. Nígbà tí ọkọ̀ yọ, Mabuchi sáré lọ bá bàbá arúgbó kan tí omijé ti rin irùngbọ̀n rẹ̀ gbingbin.

"Bàbá, ó dùn yín, àbí?"

"Kò sóhun tó ṣe mí o!" Igbe ni bàbá fi dáhùn, torí etí ti dí i. "Ara tù mí gan-an ni!"

"Ẹ̀yin ńkọ́, màmá?"

"Kò sóhun tó ṣe èmi náà o!" Tìyẹn tún le ju ti bàbá lọ.

Ni gbogbo inú ọkọ̀ bá di ọjà. Àádọ́ta adití ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ jágbe mọ́ ara wọn pé ojú ọjọ́ mà dára o, pé ìjókòó yìí mà rọ̀ o, pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n ti dí ẹnjiníà lọ́wọ́ jù.

Kí wọ́n tó dé ihò kejì, Alága Okuyama gba ilé ìyàgbẹ́ lọ. Ilé ìyàgbẹ́ ọkọ̀ náà ní ihò tó lọ tààrà sísàlẹ̀. Bí ọkọ̀ ti wọ abẹ́ òkè, afẹ́fẹ́ tó ń wá ojú ọ̀nà wá ojú ọ̀nà títí, ó rí ihò yẹn, ó sì gbà á wọlé. Kò dá wá. Nígbà tí Alága jáde, omi ń ro tótó láti orí fìlà rẹ̀ dé ẹ̀wù rẹ̀, kì í sì í ṣe omi nìkan.

"Alága! Kí ló ṣe yín?"

"Èmi? Kò sóhun tó ṣe mí." Ó nu irunmú rẹ̀. "Atẹ́gùn ibẹ̀ dára púpọ̀."

Ó jókòó. Àwọn tó wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ kò sún, wọn kò fọwọ́ bo imú, ẹnì kan tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé èjìká òun gba àyè.

Mabuchi gbé orí lé ọwọ́. Òdo ni yóò kọ ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Àgbà. Àádọ́ta èèyàn, òdo ìrora. Ibi tó ti fẹ́ máa sunkún ló ti gbójú sókè, tí ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí obìnrin kan lórí ìjókòó ìkẹyìn. Pátákó tirẹ̀ náà wà lórí itan rẹ̀. Àmọ́ ojú rẹ̀! Ìpéǹpéjú kan ti lọ sókè, ìkejì ti wálẹ̀, imú ti ká jọ, ẹnu ti là sílẹ̀ bí ẹnu ẹja tí Genzo ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lómi.

"Màmá! Ó dùn yín!"

"Rárá o, ọ̀gá, kò sóhun tó ṣe mí," ni Kiyo wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ kàn máa wo ọ̀dọ̀ mi."

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni Kiyo ń wọkọ̀. Mabuchi á jókòó síwájú rẹ̀ tòun ti ìwé, á máa ya ojú rẹ̀. Bí ìpéǹpéjú bá gbéra, ó pè é ní Kiyo kan. Bí imú bá ká, Kiyo méjì. Ẹnu tó là sílẹ̀ ni Kiyo mẹ́ta, omijé ni Kiyo mẹ́rin. Ó kọ Kiyo márùn-ún sílẹ̀ náà, àmọ́ kò ya nǹkan kan sí i, torí kò tíì rí i. Ó wá gbé ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kọ, wọ́n ṣe rẹ́gí. Abẹ́rẹ́ máa ń há nígbà míì. Kiyo kì í há.

Láàárín oṣù kan, àwọn ẹnjiníà ti ń bá ara wọn sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìwọ̀n. "Ihò ti àná yẹn le o, Kiyo mẹ́ta ààbọ̀ ni." "Bí a bá dín eré kù ńkọ́?" "Ó bọ́ sí méjì." Ọ́fíìsì tó wà ní Tokyo kọ lẹ́tà, wọ́n lu òǹtẹ̀ mẹ́fà sí i, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi Kiyo kan ránṣẹ́ sí àwọn, bó bá sì ṣeé ṣe kó jẹ́ méjì, kí ọ̀kan wà nípamọ́ bí èkíní bá bàjẹ́.

Inú Kiyo dùn. Kí n má parọ́, inú rẹ̀ dùn débi pé kó tó délé, gbogbo àdúgbò á ti rí i lójú rẹ̀. Àádọ́ta ọdún ó lé ni wọ́n ti ń sọ fún un pé ojú rẹ̀ kò dára láwùjọ. Ẹnì kan wá rèé tó ń fi pẹ́ńsù yà á, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fi táwẹ́ẹ̀lì ta á lọ́rẹ.

Ìròyìn ojú yìí dé etí Ọ̀gá Àgbà ní oṣù kejì ọdún. Ó fèsì pé òun ń bọ̀ wá fi ojú ara òun wo ojú obìnrin náà. Bó bá dé Kiyo mẹ́ta níwájú òun, òun á ra rọ́bà. Bí kò bá dé e, kí Mabuchi kó ẹrù rẹ̀, ọkọ̀ á máa lọ bó ṣe wà. Alága Okuyama gbọ́, ó ní dandan ni kí àwọn èèyàn pàtàkì kún inú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Orúkọ ta ló kọ́kọ́ kọ? Ti Ìyá Kunio ni. Alága sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kiyo.

"Òtútù ti fi Ìyá Fumie sílẹ̀," ó ní, "kí àwọn àna wá mọra wọn." Oore ló rò pé òun ń ṣe.

Fumie gbọ́, ó jù síwẹ́tà tó ń hun sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ bá mi mú ojú yín dúró. Ọjọ́ kan ṣoṣo."

"Fumie, ṣé ewúrẹ́ ni ojú mi ni, tí màá fi so ó mọ́gi?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì lojú yín ti lé ọkọ lọ fún mi. Mi ò bínú. Àwọn yẹn, èmi náà ò fẹ́ wọn."

"Ìwọ náà rí fọ́tò yẹn, àbí o ò rí i?"

"Mo rí i, màámi. Ṣùgbọ́n Kunio ni mo fẹ́. Bí ìyá rẹ̀ bá rí i pé ọmọ ẹni tí kò lè pa nǹkan mọ́ra ni mí, mo gbé. Mo gbé pátápátá."

Ohùn ọmọ náà kò gbọ̀n, ojú rẹ̀ kò yí padà, ó tẹ́jú bí omi inú àwo. Òmíràn ni Fumie. Àmọ́ Kiyo ló bí i, ó mọ̀ pé ọmọ òun ń sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, Mabuchi wá sílé. Kò tíì sọ̀rọ̀ débì kan tó ti wo ojú Kiyo tó sì dákẹ́. Ó rí i níbẹ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Ó tún wò ó dáadáa, ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Nígbà tó máa fi mu tíì rẹ̀ tán, ó ti rí gbogbo rẹ̀ lójú obìnrin náà, títí dé orí ilé ìfìwéránṣẹ́.

"Màmá," ó ní, "mo wá sọ fún yín pé bí ojú yín bá dákẹ́ lọ́jọ́ náà, etí gbogbo ayé ló máa jìyà rẹ̀. Ọmọ ọwọ́, arúgbó, aláboyún. Lójoojúmọ́, nínú gbogbo ihò. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn." Ó dọ̀bálẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́. Ọmọ yín ni. Ẹ forí jì mí." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn! Ì bá sàn kó kúkú bú u.

Kiyo yan ọmọ rẹ̀. Ìyá wo ni kò ní yàn án? Ó gbé ìkòkò èso ume jáde, èyí tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi iyọ̀ pa sílẹ̀ kó tó kú, tó kan débi pé eku kì í gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó gbé dígí síwájú, ó ju ọ̀kan sẹ́nu. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ ti ká jọ nígbà tó ń ṣí ìdérí. Lọ́jọ́ kẹta, ó jẹ méjì, ẹnu rẹ̀ dúró, imú kọ̀. Ó bú imú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, imú gbà, ìpéǹpéjú òsì ló ṣẹ́ kù, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tó fi gbọ́ràn. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó jẹ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ojú tó wà nínú dígí ń wò ó láì sọ ohunkóhun. Alẹ́ ọjọ́ náà ni Genzo dé láti ojú òkun. Ó jókòó sídìí oúnjẹ, ó gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kiyo, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ jẹun yín."

"Irọ́ ni. Ta ló kú?"

Ọjọ́ pé. Ìyá Kunio wọ kimono eléérú, irun rẹ̀ kò yẹ̀ níbì kan. Òun àti Kiyo kí ara wọn, wọ́n tún ara wọn kí. Kí Kiyo jókòó ti fèrèsé, rárá, kí Ìyá Kunio jókòó ti fèrèsé, kò jẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ dàgbà, ẹ̀yin ni àlejò, títí ọkọ̀ fi gbéra tó sì gbé àwọn méjèèjì jókòó níbi tó wù ú. Ọ̀gá Àgbà àti Mabuchi jókòó síwájú wọn. Ọ̀gá Àgbà sanra, ó gbé ojú súnmọ́ ti Kiyo bí ẹni ń wo aago.

Ihò àkọ́kọ́. Gbì! Etí Kiyo dí. Ojú rẹ̀ kò mira.

"Òdo!" ni Ọ̀gá Àgbà kígbe.

Mabuchi kọ òdo, kò wo òkè.

Kiyo mà ṣe é o! Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Òun, Kiyo, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ opó akọ̀wé kóòtù, ojú òun sì tẹ́jú bíi tirẹ̀. Ìyá òun ì bá wà láyé kó wá wò ó! Ó kù ihò kan péré. Fumie á wọlé ọkọ.

Ihò kejì gùn ju àkọ́kọ́ lọ. Bí ọkọ̀ ti já wọ̀ ọ́, etí Kiyo ta bí ìgbà tí wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ó di eyín mọ́ eyín, kò mira. Ìgbà náà ni nǹkan kan gbá apá ọwọ́ kimono rẹ̀ mú. Ó rò pé ara ìjókòó ló há sí. Ó rọra wo ìsàlẹ̀, ọwọ́ Ìyá Kunio ló rí. Èékánná obìnrin náà ti gba aṣọ kọjá wọ ẹran ara Kiyo. Ó gbójú sókè wò ó. Ẹ̀rín músẹ́ ṣì wà lẹ́nu Ìyá Kunio, ó wà níbẹ̀ dáadáa, àmọ́ awọ ojú ti funfun bí eérú.

Ọ̀gá Àgbà náà rí i. "Màmá!" ó kígbe, "ṣé ó dùn yín?"

"Kò sóhun tó ṣe mí," ni Ìyá Kunio wí. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú.

Inú bí Kiyo. Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn náà ni, inú ló bí i, irú èyí tí kì í fúnni láyè ronú. Irọ́ wo ló tó báyìí? Èèyàn ń kú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, ó sì ń rẹ́rìn-ín síni! Ìpéǹpéjú kọ́kọ́ já, imú tẹ̀ lé e, ẹnu là, omijé ya wá, gbogbo ohun tó ti dì mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ sì jáde papọ̀. Mabuchi tí kò fẹ́ gbójú sókè gbójú sókè, pẹ́ńsù rẹ̀ sì ṣẹ́.

"Ó ń dùn ún!" Kiyo bú sígbe. "Ó ń dùn ún, ó ń dùn mí, ó ń dùn gbogbo wa! Etí obìnrin yìí fẹ́ ya, ẹ sì ń bi í ní ìbéèrè! Ẹ̀yin náà, ọ̀gá, kí lẹ̀ ń kígbe fún? Ṣebí etí yín ló dí!"

Kò sẹ́ni tó na pátákó sókè. Gbogbo èrò inú ọkọ̀ yíjú sí fèrèsé kí ìtìjú Kiyo má baà pọ̀ jù, wọ́n ń wo ara ihò tó dúdú kirikiri, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ibẹ̀ mà rẹwà o. Ọ̀gá Àgbà nìkan ni kò yíjú. Ó ki ìka bọ etí ọ̀tún, ó ki í bọ ti òsì, ó gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀mẹta.

"Mabuchi," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. "Èló ni rọ́bà?"

Ọkọ̀ dúró. Kiyo ti mọ ohun tó ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ ọkọ̀, ó ń bẹ Ìyá Kunio, ó ń bẹ òkú ọkọ obìnrin náà, ó ní kí wọ́n má wo ti òun, ọmọ kò mọwọ́ mẹsẹ̀, òun nìkan ni òun ya aláìmọ̀wàáhù. Ìyá Kunio jókòó títí gbogbo èrò fi sọ̀ tán, títí ó fi sú Alága Okuyama tó ń fi ọwọ́ pè wọ́n látìta, tó sì lọ.

"Ìyá Fumie, ẹ dìde. Ẹ jókòó."

Kiyo jókòó.

"Ọdún mẹ́ta ni inú fi run Bàbá Kunio," ni obìnrin náà wí. Ìta ló ń wò. "Dókítà bi í, ó ní kò sóhun tó ṣe òun. Ọmọ rẹ̀ bi í, ó ní kò sóhun tó ṣe òun. Èmi kò bi í. Mo rí i pé ó ń dì í mọ́ra, mo rò pé kò ní wù ú kí n rí i, mo ń bu oúnjẹ fún un, mo ń bá a rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ọjọ́ tó kú, ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, òun ń dí mi lọ́wọ́ iṣẹ́."

Omijé kàn ń bọ́ lójú Kiyo, kò sì nù ún.

Ìyá Kunio yíjú, ó tẹjú mọ́ ojú náà, ó wò ó pẹ́.

"Ṣé ojú Fumie jọ tiyín?"

"Rárá o!" Kiyo sáré dáhùn, ìrètí gbé e dìde lórí ìjókòó. "Rárá o, àna mi, ẹ má bínú tí mo pè yín ní àna. Fumie kò jọ mí rárá. Ẹ̀kọ́ wọ̀ ọ́ lára. Bí ilé bá ń jó lé e lórí, ẹ ò ní rí i lójú rẹ̀."

Ojú Ìyá Kunio bàjẹ́. Ó bàjẹ́ ní gbangba, ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló lè rí i.

"Kunio náà bẹ́ẹ̀," ó ní. Ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára aṣọ Kiyo, torí ó ṣì dì í mú látìgbà yẹn. "Oṣù kẹrin ni ìyàwó máa wọlé. Oṣù méjì ṣì wà níwájú wa. Ẹ bá mi kọ́ Fumie kí ojú rẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀ bíi tiyín."